Òmìnira Tí Ìfẹ́ Ń Bí: Ọ̀rọ̀ Àsọyé ní Iléṣà

Mo júbà Ọwá Obòkun Àdìmúlà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mo kí ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ní ọ̀sán òní. Orí ọ̀rọ̀ tí ẹ yàn fún mi ni òmìnira ẹni kọ̀ọ̀kan, mo sì gbà á tayọ̀tayọ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti ń ká mi lára pé a máa ń sọ̀rọ̀ òmìnira bí ẹni pé ti ìjọba nìkan ni, bí ẹni pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960 ti parí gbogbo rẹ̀.

Bí a bá bi ọ̀dọ́ pé kí ni òmìnira, ohun tí púpọ̀ nínú wọn yóò sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má bi òun léèrè ibi tí òun ti ń bọ̀, kí òun ní owó tòun àti yàrá tòun, kí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sì wà lọ́wọ́ òun. Bí a bá bi àgbà, yóò ní kí òun má jẹ gbèsè, kí òun má sì tọrọ jẹ. N kò fi ọwọ́ rọ́ ìdáhùn wọ̀nyí sẹ́yìn. Ẹni tí ebi ń pa, tàbí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, kò yẹ kí a dúró níwájú rẹ̀ kí a máa wàásù òmìnira ọkàn fún un. Oúnjẹ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé fún un, kí a sì ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ti rí ẹni tí ó ní owó, tí ó ní yàrá, tí kò sí ẹni tí ó ń bi í léèrè, síbẹ̀ tí kò lè ra aṣọ kan láìkọ́kọ́ ro ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wí, tí kò lè sọ òtítọ́ nínú ìpàdé ẹbí nítorí ìbẹ̀rù, tí ìbínú sì ń darí rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Kò sí ẹni tí ó de irú ẹni bẹ́ẹ̀ lókùn, síbẹ̀ kò lómìnira.

Ohun tí mo wá sọ ni pé òmìnira tòótọ́ ni agbára tí ènìyàn ní láti fi ara rẹ̀ fún ohun tí ó mọ̀ pé ó dára, láìjẹ́ pé ìbẹ̀rù tàbí gbèsè ni ó ń tì í lẹ́yìn, àti pé ó ṣòro kí agbára yìí tó hù nínú ènìyàn bí kò bá sí ẹnìkan, níbì kan, tí ó ti fẹ́ràn rẹ̀ rí láìka ìfẹ́ náà sí owó tí a yá a.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọdún 1870 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn gba Iléṣà. Káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú ń gba ohun tí ó wù wọ́n lọ́wọ́ ẹni tí ó wù wọ́n, títí ọ̀rọ̀ náà fi di ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí Ògèdèǹgbé ṣe olórí ogun Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n parapọ̀ kojú Ìbàdàn, nínú rẹ̀, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, ṣùgbọ́n tí àwọn jagunjagun kò tú ká kúrò ní bùdó títí di 1893. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngán yìí. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni ti àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó lásìkò náà. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti kó lẹ́rú rí. Àwọn mìíràn ni ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó lọ sí Sàró (Sierra Leone). Àwọn mìíràn ti sìn dé Bùràsíìlì kí wọ́n tó padà. Ní Èkó, lábẹ́ òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti di ẹni ara wọn: wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ajẹ́lẹ̀ kankan tí ó lè fọwọ́ kan adìyẹ wọn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kó ara wọn jọ, tí wọ́n dá owó, tí wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun, tí wọ́n sì ń rán oníṣẹ́ lọ bọ̀ nítorí àlàáfíà. Philip José Meffre, ẹni tí ó ti Bùràsíìlì dé, wà nínú wọn. Frederick Kumokun Haastrup náà wà níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n tà lẹ́rú ní kékeré, tí ó padà wá jọba ní ìlú yìí ní 1896, tí a sì ń pè ní Ọwá Ajímọ̀kọ Kìíní.

Mo máa ń ronú sí ọ̀ràn wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí wọ́n já gbà kúrò ní ilé rẹ̀ ní kékeré, tí ó jìyà, tí ó wá bọ́, tí ó sì rí ibi jókòó sí, kí ni ó tún ń wá lọ sí ilé tí ogun ń jà? Òfin kankan kò fi ipá mú un. Ó lè jókòó sí Èkó kí ó máa gbádùn òmìnira rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì bá tí dá a lẹ́bi. Ní tèmi, ọjọ́ tí wọ́n tú okùn lọ́rùn ọwọ́ wọn, ìdajì òmìnira ni wọ́n rí gbà. Èyí tí ó kù dé ọwọ́ wọn nígbà tí wọ́n rí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé ẹrù rẹ̀. N kò sọ pé ìbọn ni ìfẹ́. Ogun jẹ́ ogun, ó sì pa ọmọ ọlọ́mọ níhà méjèèjì. Ìfẹ́ ilé tí ó wà lẹ́yìn owó tí wọ́n ń dá ni mo ń tọ́ka sí, nítorí ìfẹ́ kan náà ni ó mú kí Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe, lẹ́yìn ìgbà tí ìbọn ti dákẹ́, dá ilé ẹ̀kọ́ girama Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Kò sí ọlọ́pàá tí ó lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni fún owó náà bí wọ́n ti ń ṣe fún owó orí.

Òtítọ́ mìíràn wà nínú ìtàn yìí tí kò dùn létí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Àwọn ènìyàn tí wọ́n bá ajẹ́lẹ̀ jà fún ọdún mẹ́rìndínlógún ní ẹrú nínú ilé tiwọn, wọ́n sì ní ìwọ̀fà. Wọ́n lé ẹni tí ó gun orí wọn lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò kọ́ wọn bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹlòmíràn.

Nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wà níbí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwọ̀fà díẹ̀, nítorí òun ni mo fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ ilé wa. Bí ìnáwó òkú, ìyàwó tàbí ìtanràn bá dé bá ènìyàn tí kò sì ní owó, yóò lọ yá a lọ́wọ́ olówó, yóò sì fi ara rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ó ní ilé, ó ní ìdílé, a kò sì lè tà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní oko olówó, èlé owó ni. Kò sí ọjọ́ kan tí ó ń dín ojú owó kù. Ó lè ro oko náà fún ọdún mẹ́wàá, kí ojú owó tí bàbá rẹ̀ yá sì wà bí ó ti wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó owó náà sílẹ̀ pé pérépéré ni yóò tó lọ.

Òfin ti pa ìwọ̀fà rẹ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù pé ó ṣì wà nínú yàrá ìjókòó wa. Òbí ta ilẹ̀ kí ọmọ lè lọ sí yunifásítì, òbí kò jẹun kí ọmọ lè jẹ, ó sì tọ́ kí a yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà bá wá sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni ó wu òun, òun kò fẹ́ ṣe lọ́yà, tàbí pé ẹni báyìí ni òun fẹ́ fẹ́, a ó gbọ́ gbólóhùn kan tí gbogbo wa mọ̀: "Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe fún ọ!" Láti ọjọ́ náà lọ, ipè tí ọmọ ń pe ilé, owó tí ó ń fi ránṣẹ́, aṣọ ọdún tí ó ń rà, gbogbo rẹ̀ di èlé. Ojú owó kò dín. Ọmọ lè pé ogójì ọdún, kí ó ti bí ọmọ tirẹ̀, kí ó sì máa gbọ̀n bí fóònù bá dún tí ó sì rí i pé láti ilé ni. Ọmọ òṣómàáàló ni wá ní Ìjẹ̀ṣà, ọmọ àwọn tí ń ta aṣọ àwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn, àwọn bàbá wa fi gbèsè gbígbà kọ́ ilé, wọ́n fi rán ọmọ níwèé, mo sì bu ọlá fún wọn, nítorí ẹni tí ó ta aṣọ àwìn yẹ kí ó gba owó rẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ní ìsọ̀ aṣọ kò tọ́ láàrin ìyá àti ọmọ. Ohun tí ó wu ìyá ni pé kí ọmọ fẹ́ràn òun, èyí sì ni ohun kan ṣoṣo tí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ajigbèsè, bí ó ti wù kí a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó.

Mo mọ̀ pé àgbà kan yóò dìde láti bi mí pé, òwe àwọn baba wa ńkọ́, pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu? Òwe náà dára, n kò sì tako o. Ọmọ tí ó bá pa òbí rẹ̀ tì kò ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òwe náà dárúkọ: ọmú ni, oúnjẹ tí ó ń jáde láti inú ara ẹni tí ó ń fún ni. Ọmọ tí a tọ́ láìfi gbèsè dè é ń tọ́jú òbí rẹ̀ nítorí ojú rẹ̀ kò lè gbà kí ìyà máa jẹ wọ́n. Èyí tí a fi gbèsè dè náà lè fi owó ránṣẹ́, kódà kí tirẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n yóò máa fi ránṣẹ́ láti ibi tí ó jìnnà réré, kò sì ní wá.

Bóyá ẹnìkan yóò rò pé ohun tí mo ń sọ ni pé kí a sọ okùn sílẹ̀ fún ọmọ, kí ó máa ṣe bí ó ti wù ú. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹni tí ó fi ojú rí i sọ. Ní 1954, obìnrin kan tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, Mary Ainsworth, bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Uganda. Ó ń lọ láti ilé dé ilé ní àwọn abúlé tí kò jìnnà sí Kampala, ó ń jókòó ti àwọn ìyá 26 nínú ilé wọn, ó sì ń wo bí àwọn ọmọ ọwọ́ wọn, tí wọ́n jẹ́ 28, ti ń ṣe. Ó rí i pé ọmọ tí ó ti mọ̀ dájú pé ìyá òun yóò dá òun lóhùn bí òun bá ké, òun ni ó ń rá kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ láti lọ wo ohun tí ó wà lódìkejì yàrá. Yóò bojú wẹ̀yìn, yóò rí i pé ìyá wà níbẹ̀, yóò sì tún tẹ̀síwájú. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò dá lójú ni ó rọ̀ mọ́ ọn tí ó ń ké, tí kò lè lọ síbì kankan. A máa ń rò pé bí a bá gba ọmọ mọ́ra jù, kò ní lè dá dúró láéláé. Ohun tí obìnrin yìí rí yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá, àwọn tí wọ́n sì tẹ̀lé e nínú ìwádìí láti ìgbà náà ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìfẹ́ tí ó dájú ni ó fún ọmọ náà lẹ́sẹ̀.

Àgbàlagbà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé bí òwò òun bá wọmi, ilé kan wà tí yóò gbà òun wọlé láìfi òun ṣe yẹ̀yẹ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó lè dá òwò tuntun sílẹ̀, òun ni ó lè kọ rìbá ní ọ́fíìsì, òun ni ó lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé èyí kò dára. A ní àwọn ọmọ ìlú yìí ní Èkó àti Àbújá tí wọn kò wálé ṣe ọdún Ìwúde nítorí wọn kò tíì kọ́lé, wọn kò tíì ra ọkọ̀, wọn kò sì fẹ́ kí a máa wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìlú tí ọmọ rẹ̀ ń sá fún lọ́nà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà? Ó fún un lórúkọ, kò fún un ní ibi tí yóò fẹ̀yìn tì.

Ìhà kan wà nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yìí tí ó léwu. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, sọ nínú ìwàásù kan ní nǹkan bí ẹgbẹ̀jọ ọdún sẹ́yìn pé kí ènìyàn ṣáà ti ní ìfẹ́, kí ó sì máa ṣe ohun tí ó bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, mo sì gbà pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí ìfẹ́ bá ti kún inú rẹ̀ kò nílò kí òfin máa pàṣẹ fún un pé kí ó má jalè tàbí kí ó má purọ́ mọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù yìí kan náà fi ọwọ́ sí i pé kí ìjọba fi ipá mú àwọn Kristẹni tí wọ́n yapa ní ilẹ̀ rẹ̀ padà sínú ìjọ, ó sì gbà pé nítorí ìfẹ́ ni. Níbí yìí ni èmi kò ti lè bá a lọ. Láti ìgbà náà títí di òní, ẹni tí ó fẹ́ de ọmọnìkejì rẹ̀ máa ń pe okùn náà ní ìfẹ́. Ọkọ gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó, ó ní nítorí òun fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ìyàwó ya ọkọ nípá kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ àti ìyekan rẹ̀, ó ní ìfẹ́ ni. Pásítọ̀ tàbí àáfà kò jẹ́ kí ọmọ ìjọ rẹ̀ ṣe ìpinnu kan láìbéèrè lọ́wọ́ òun, ó ní òun ń bójú tó ọkàn rẹ̀ ni.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi máa ń wò ó, mo sì fẹ́ kí olúkúlùkù wò ó nínú ilé tirẹ̀. Ṣé ẹni tí o sọ pé o fẹ́ràn lè sọ fún ọ pé "rárá," kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́? Ó lè dùn ọ́, o lè bá a jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé bí ó ti ń ya ẹnu ni ó ti ń ro ohun tí yóò pàdánù, bóyá owó oúnjẹ ni o, bóyá ibùsùn ni o, bóyá ọ̀rọ̀ sísọ fún ọ̀sẹ̀ méjì ni o, a jẹ́ pé ìbẹ̀rù ti gba ipò ìfẹ́ ní ilé náà, bí ó ti wù kí a máa pe ara wa ní olólùfẹ́ tó.

Mo ti sọ pé èyí kò túmọ̀ sí pé kí a má kọ́ni, kí a má bá ni wí. Ẹ wo ọmọṣẹ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì ní ìlú yìí. Ọdún díẹ̀ ni yóò fi wà lábẹ́ àṣẹ ọ̀gá, yóò máa gbálẹ̀ ìsọ̀, yóò máa tètè dé, ọ̀gá yóò sì máa tú ohun tí ó bá rán ní àránkúrán. Ní ìparí, wọn yóò ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un: yóò kúnlẹ̀, ọ̀gá yóò gbàdúrà sí i lórí, yóò gbé sátífíkéètì lé e lọ́wọ́, a ó jẹ, a ó mu, a ó sì jó. Mo fẹ́ràn ayẹyẹ yìí gidigidi. Ọmọ tí ó sá kúrò ní ìsọ̀ ní oṣù kẹta bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè gé aṣọ. Èyí tí ó dúró lè ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ níbi tí ó bá wù ú, nítorí iṣẹ́ náà ti wọ ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè gbà á padà. Ìbáwí tí ó jẹ́ kí a kúrò lábẹ́ ìbáwí, ti olùfẹ́ ni.

Síbẹ̀, ọ̀gá ju ọ̀gá lọ. Ọ̀gá kan wà tí yóò kọ́ ọmọṣẹ́ ní ohun gbogbo àfi ẹyọ kan, bóyá bí a ti ń gé ọrùn agbádá, bóyá ibi tí a ti ń ra ojúlówó ẹ̀yà mọ́tò, kí ọmọ náà baà lè máa padà wá bẹ̀ ẹ́. Òmíràn, bí àkókò fírídọ́ọ̀mù bá pé, yóò máa sún un síwájú, yóò máa bu owó tuntun lé e. Ọ̀gá mìíràn sì wà tí kò fi ohunkóhun pamọ́, tí ó mọ̀ dájú pé ọmọ tí òun ń kọ́ yìí lè lọ ya ìsọ̀ sí òdìkejì títì kí ó sì gba àwọn oníbàárà òun, síbẹ̀ tí ó kọ́ ọ dé òpin. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ń sọ pé ìfẹ́ ni ó ń jẹ́ kí òmìnira ṣeé ṣe. Ó fi agbára rẹ̀ sọ ẹlòmíràn di ẹni tí kò nílò rẹ̀ mọ́. Bí ọmọ náà bá padà wá kí i ní ọjọ́ ọdún, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi wá.

Ìbéèrè tí ó kù ni ti ẹni tí kò rí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n wà láàrin wa tí ìyá kú fún ní kékeré, tàbí tí wọ́n dàgbà nínú ilé tí pàṣán nìkan ti ń sọ̀rọ̀. Ṣé a ti ti ilẹ̀kùn òmìnira mọ́ wọn ni? N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a tà lẹ́rú ní kékeré ni ó wá di Ọwá níhìn-ín. Ìfẹ́ tí ó pẹ́ kí ó tó dé ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó lè ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ wá, ó lè ti ọ̀dọ̀ aya tàbí ọkọ, ó lè ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ẹnìkan ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nínú àdúrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣe àwáwí, kí a ní bó pẹ́ bó yá yóò rí ẹni tí yóò fẹ́ràn rẹ̀, nígbà tí ọmọ náà wà nínú ilé wa gan-an.

Ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo ń sọ. Àwọn àgbà ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ní ọmọ kan nílé tí ó ń jí kí àkùkọ tó kọ, tí ó ń pọn omi, tí ó ń fọ aṣọ àwọn ọmọ tí kò jù wọ́n lọ, tí owó rẹ̀ ń lọ sí ọwọ́ ẹni tí ó mú un wá, tí òun kò sì mọ iye rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìsí ẹni tí ó dúró tì í. Ẹ jẹ́ kí ó lọ sí ilé ìwé, tàbí kí ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí òun fúnra rẹ̀ yàn, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ sì wà níbi tí òun náà ti lè rí i. Bí ó bá fọ́ àwo, ẹ bá a wí bí ẹ ó ti bá ọmọ yín wí tí ó fọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì sọ ní ọjọ́ kan pé òun fẹ́ máa lọ sílé, ẹ fún un ní owó ọkọ̀ àti ohun tí ó tọ́ sí i, kí ẹ sin ín dé gáréèjì, kí ẹ má sì ka ohun tí ẹ ti ṣe fún un sí i létí.